Ìrìn-Àjò Mi sí Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Daṣọ Bo Ilẹ̀

Ẹ sọ ọkọ́ sílẹ̀, ẹ mu omi, ẹ wá sábẹ́ ibòji. Ẹ̀yin ọmọ Òkè-Yangí tí ẹ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún wa láàárọ̀ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́nu láti ìgbà tí oòrùn ti yọ. Ẹ ní kí ló dé tí à ń gbẹ́lẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ le tó báyìí, tí àwọn baba yín kì í fọwọ́ kan ọkọ́ àfi bí òjò bá rọ̀. Ẹ ní kí ló dé tí à ń kó ìgbẹ́ màlúù àti pòròpórò sínú kòtò, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún olè. Ẹ tún ní ogbó ti ń da bàbá Ọdẹ́rìndé láàmú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Etí ọdẹ kì í di.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ògbélé. Èmi ni mo bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà títí ẹfọ̀n fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun lọ fún ọmọ òun lọ́mú. Èmi ni mo wọ igbó tí àwọn iwin fúnra wọn ń bẹ̀rù, mo wọ̀ ọ́, mo sùn síbẹ̀, mo tún hanrun. Ẹ má fi àga lọ̀ mí. Bí mo bá jókòó, ìtàn náà á jókòó tì mí, a ò sì ní kúrò níbí lónìí.

Obìnrin àgbà tó ń há ẹ̀kọ fún yín yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni, Efúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá ní irọ́ ni mò ń pa, ẹ má dá a lóhùn. Kò bá mi débẹ̀.

“Irọ́ ni,” ni Efúnyẹmí wí.

Ẹ ò rí i? N kò tíì bẹ̀rẹ̀!

Ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí ni ìyá wa fi tọ́ wa. Ìyá wa ní ọkà bàbà kan, ọkà pupa olórí kúkúrú, tí kò sí lóko ẹlòmíràn ní gbogbo àgbègbè yìí. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló ti rí i. Nígbà tó kú, ó fi í lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣá. Ọdọọdún là ń sun pòròpórò, ọdọọdún là ń gbá oko tónítóní, nítorí ta ni kò mọ̀ pé oko tó mọ́ ni iyì àgbẹ̀? Ọyẹ́ gbé erùpẹ̀ lọ, àgbàrá kó èyí tó kù, títí ilẹ̀ fi di yangí. Ẹ̀gbọ́n mi ra ajílẹ̀ àpò lọ́jà, ó bù ú sí i. Ọkà yọ, inú wa dùn. Òjò wá já wa kulẹ̀, ajílẹ̀ náà sì jó ọkà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, igbá irúgbìn kan ṣoṣo ló kù láyé nínú ọkà ìyá wa.

Efúnyẹmí gbé igbá náà lé itan, ó pè mí. Ó ní, “Ọdẹ́rìndé, bí mo bá gbin ọkà yìí sí ilẹ̀ yìí, yóò kú. Bí mo bá tọ́jú rẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, ọdún tó ń bọ̀, kòkòrò á jẹ ẹ́. Ìwọ lò ń rìn kiri. Lọ wá ohun tó ń jí ilẹ̀ wá. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú tí n kò rí ọ, màá se é jẹ, màá sì kó lọ bá ọmọ mi n’Ílọrin, kí n lọ máa jókòó sẹ́yìn ààrò rẹ̀. Nígbà náà ni ìyá wa yóò wá kú tán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú ẹsẹ̀ mi ń dùn. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àjò tèmi máa ń dùn. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo kọrí sókè, níbi tí òjò ti ń ṣahun jù lọ. Àwọn ọdẹ àgbà máa ń sọ pé ìlú iwin kan wà lọ́hùn-ún tí ọkà ti ń ga ju ẹni tó gun ẹṣin lọ, bẹ́ẹ̀ òjò ibẹ̀ kò tó tiwa. Mo ní oògùn ni wọ́n ń lò. Mo ní màá rà á, tàbí kí n tọrọ rẹ̀, tàbí kí n jí i.

Igbó Egungun-Igi ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ti wọ́wé, wọ́n dúró gbẹrẹgẹdẹ láìsí aṣọ lára wọn. Láàárín wọn ni mo ti rí igi kan ṣoṣo tó tutù yọ̀yọ̀, ewé bò ó, ẹ̀gún sì wà lára rẹ̀. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mi lórí, mo sáré sábẹ́ rẹ̀. Ni igi bá na ẹ̀ka kan, ó gbá mi láyà mú.

“Ọdẹ, o ò kí onílé kí o tó wọlé! Akẹ̀yìnsójò lorúkọ mi. Bí òjò bá dé tí gbogbo igi bá wọṣọ, èmi a bọ́ tèmi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí gbogbo wọn bá bọ́ṣọ, èmi a wọ tèmi. Wèrè ni mí ni, àbí ọlọ́gbọ́n? Bí o bá gbà á, kọjá. Bí o bá ṣì í, ibí yìí ni wàá dúró sí, wàá máa hu ẹ̀gún.”

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé wèrè ni. Ẹ̀yin náà, ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ojú mímọ́ wò mí! Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í jẹ́ kí ẹnu ṣáájú ojú. Mo wolẹ̀. Mo rí kùkùté ọkà tí wọ́n gé lábẹ́ igi náà, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Mo wo ọ̀ọ́kán, níbi tí igi náà kò bò, kùkùté ọkà ibẹ̀ kò ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Mo tún rí ìgbẹ́ ẹtu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìgbẹ́ màlúù, gbogbo wọn ló ti wá ṣe fàájì lábẹ́ ibòji.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ọlọ́gbọ́n ni yín. Ẹ bọ́ṣọ nígbà òjò kí oòrùn lè rí ọkà tó wà lábẹ́ yín. Aṣọ tí ẹ bọ́ sílẹ̀ lọkà ń jẹ. Ẹ wá wọṣọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹran lè wá sinmi, kí wọ́n sì fi ìgbẹ́ sanwó ibòji.”

Akẹ̀yìnsójò rẹ́rìn-ín títí èso fi ń já lù mí lórí. Ó ní, “Máa kọjá. Gbogbo ẹ̀gún tí o rí lára mi yìí, àwọn tó pè mí ní wèrè ni.”

N kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Mo ti ń sáré. Lójú mi, àwọsánmà ń bọ̀ lẹ́yìn mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Lẹ́yìn igbó yẹn ni Pápá Kọmikọmi wà. Yangí ni láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó le, ó ń dán, ẹsẹ̀ ń dún lórí rẹ̀ ko, ko, ko. Òùngbẹ gbẹ mí débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Òjò ilẹ̀ iwin kì í bá tiwa rìn, òjijì ló ya. Mo ṣí ẹnu sókè, mo ní mo là! Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ẹ̀kán mì, gbogbo omi náà ti dá rìn. Ilẹ̀ kọ̀ ọ́, kò gba ẹ̀kán kan. Omi kó ara rẹ̀ jọ, ó dìde dúró, ó di ọkùnrin gìrìwò kan, pupa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò lójú, kò nímú, ẹnu nìkan ló ní. Ó ru ẹrù, ó kó ẹrù sábẹ́ abíyá méjèèjì. Mo wo ẹrù náà: erùpẹ̀ dúdú ni, ewé jíjẹrà, irúgbìn, àti ekòló tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́.

Mo ní, “Ta lo jà lólè?”

Ó ní, “Gbogbo ẹni tí kò dá mi dúró. Àgbàrá ni mí. Kí lo kó pamọ́ sínú àpò yẹn?”

Mo yìnbọn fún un. Ọta gba ara rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sẹ́yìn. Mo pe ọfọ̀ tí baba mi fi ń dá ẹkùn dúró. Àgbàrá bá mi parí rẹ̀! Ó tún ní mo ṣi ibì kan pè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé bẹ́ẹ̀, èmi Ẹsẹ̀ògbélé, mo sá. N kò tijú láti sọ ọ́. Akíkanjú tí kò mọ ìgbà tí à ń sá, ẹlòmíràn ní í ròyìn rẹ̀.

“Ó sá!” ni Efúnyẹmí wí. “Èyí ni mo gbà gbọ́.”

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ilẹ̀ níbi tí mo sá dé, kò sí igi, kò sí ihò. Òkúta nìkan ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ní ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kí n lè sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Kò ga ju orúnkún lọ. Mo dojú délẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, mo ń retí ikú. Àgbàrá dé, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé èyí lòun yóò dúró fún? Ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín òkúta. Ó gbé èkejì, ìyẹn náà há. Kò ṣubú o, ṣùgbọ́n kò lè sáré mọ́. Bó ṣe ń fà lọ́tùn-ún fà lósì, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń bọ́ lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, erùpẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ewé tẹ̀ lé e, ekòló sì fò sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ó kígbe pé, “Ọdẹ, kó òkúta rẹ kúrò! Ẹni tó bá ní kí n rọra rìn, òun ló pa mí!”

Kó tó fi kọjá òkúta tán, gbogbo gìrìwò rẹ̀ ti lọ, ó ti kéré, ó ti mọ́ gaara. Omi lásán ló kù, omi náà sì jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́yìn òkúta, ó ń wọlẹ̀. Mo mu ún ní àmuyó. Olè tí apá ẹni kò ká, kéèyàn máa wá ọ̀nà tí yóò fi rọra rìn ni.

Ẹ bá mi wo ojú ọ̀run. Ṣé kò ṣú? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n máa yára.

Ìgbà tí mo dé ìlú Aṣọlẹ̀, mo dúró, mo ranjú. Ọkà ibẹ̀ ga tó bí wọ́n ṣe sọ. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìlú náà! N kò rí ilẹ̀ tí mo lè fi ojú kàn. Ewé gbígbẹ, koríko, pòròpórò, èèpo ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà bo oko láti etí dé etí. Mo ní nínú ara mi pé ọ̀lẹ ni gbogbo ará ìlú yìí, orí ló ń ṣe é fún wọn.

Iwin kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí bí ẹnu ọkọ́ gbà mí sílé. Gbẹ́kòtò lorúkọ rẹ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, ó fún mi lómi, ó fún mi ní oúnjẹ ọkà pẹ̀lú ẹ̀wà, ó tẹ́ ẹní fún mi. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọlúwàbí kì í jẹ oúnjẹ onílé kó wá nà gbalaja. Ẹni tó bá ṣe wá lóore, oko rẹ̀ là ń bá a ro. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe fún àna, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe fún ọ̀rẹ́. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo bọ́ sí oko Gbẹ́kòtò. Mo gbá a. Ẹ wò ó, mo gbá a! Mo kó gbogbo ewé jọ, mo kó gbogbo pòròpórò jọ, mo ṣáná sí i. Nígbà tí mo ṣe tán, adìẹ lè rí abẹ́rẹ́ ṣà lórí ilẹ̀ náà. Mo wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ oko, mo ń retí kí wọ́n wá dúpẹ́.

Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Gbẹ́kòtò jáde, ó rí oko rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ìlú ké. Àwọn obìnrin ń ká ọwọ́ lérí bí ẹni tí òkú sùn níwájú wọn. Wọ́n gbé mi tìjàtìjà lọ sọ́dọ̀ Yèyé Aṣọlẹ̀, ìyá àgbà tó ni ìlú náà. Orí ọ̀gán ló jókòó sí, ikán sì ń lọ ń bọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìbù ú jẹ.

Yèyé ní, “Ta ló bọ́ ilẹ̀ láṣọ?”

Mo ní, “Èmi ni mo gbá a, Yèyé. Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ẹni tí yóò gbá a jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò tíì bí i.”

Àwọn kan ní kí wọ́n gé mi wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi mí ṣe ajílẹ̀, nítorí ara mi sanra, ọkà yóò gbádùn mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo pariwo pé ẹran ara ọdẹ korò, gbogbo ewé tí mo ti jẹ láti kékeré wà nínú rẹ̀, ọkà tó bá jẹ mí yóò bì. Yèyé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ó ní, “Ẹ má pa á. Iṣẹ́ rere ló rò pé òun ń ṣe. Ọdẹ, bọ́ aṣọ rẹ, dojú bolẹ̀ níbi tí o gbá yẹn, kí o sì máa bá ilẹ̀ náà gbé títí oòrùn yóò fi yẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Mo ti rí ìyà rí, n kò rí irú rẹ̀. Oòrùn jókòó sí mi lẹ́yìn. Ilẹ̀ gbígbóná ń yan mí láyà, afẹ́fẹ́ ń kó iyanrìn sí mi lójú. Mo ké títí ohùn mi fi há. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, Gbẹ́kòtò wá, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé tó wà lóko aládùúgbò rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ó fi í sí mi lẹ́nu. Erùpẹ̀ náà tutù! Ó ní ọ̀rinrin nínú, mo lá a bí ẹni ń lá oyin.

Mo ní, “Nígbà wo lòjò rọ̀ gbẹ̀yìn níbí?”

Ó ní, “Ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ti ń sáré.”

Mo bú sẹ́kún, kì í ṣe nítorí ẹ̀yìn mi tó ń ta. Oko ìyá wa ni mo rò. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí à ń gbá a, tí à ń yin ara wa pé ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ni à ń nà án sí oòrùn láìsí aṣọ lára rẹ̀. Àánú ilẹ̀ ṣe mí, ohun tí kò ṣe mí rí.

Nígbà tí mo dìde, Yèyé ní èmi ni màá wọ aṣọ fún ilẹ̀ náà padà. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbẹ́kòtò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò sínú yangí, kí ó jìn tó láti ìka dé ìgúnpá, kí erùpẹ̀ rẹ̀ wà ní apá ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi tó bá ń bọ̀ lè dúró sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran wọ inú kòtò, pòròpórò àti ewé tẹ̀ lé e. Mo ní kí la tún ń retí? Wọ́n ní à ń retí àwọn alágbàṣe. Mo jókòó títí. Kí ni n bá rí, ikán ni ó ń bọ̀! Ikán, ọ̀tá mi, tó jẹ ìdí ìbọn baba mi tán! Mo gbé ẹsẹ̀ kí n tẹ̀ wọ́n pa.

Gbẹ́kòtò gbá mi lẹ́sẹ̀. “Ọdẹ! Àwọn alágbàṣe tí a pè nìyẹn!”

Àṣé ikán ló ń jẹ pòròpórò, tó ń gbẹ́ ọ̀nà wẹ́wẹ́ lọ sísàlẹ̀, yangí tí ọkọ́ mi kò lè ya, ó ń lu. Ọ̀nà tí ikán lù ni omi ń bá wọlẹ̀, gbòǹgbò ọkà náà á sì tọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ yẹn fẹ́ pa mí! Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo ń lọ bá Yèyé pé kó fún mi ní oògùn tó ń jí ilẹ̀ kí n máa lọ. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń wo ọwọ́ mi, tó ń ní, “Kò tíì tó.”

Lọ́jọ́ kan, àrá sán lápá ìsàlẹ̀, lápá ilé wa. Mo sáré lọ bá Yèyé, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tikán-tikán.

“Yèyé, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú! Ẹ̀gbọ́n mi yóò se irúgbìn ìyá wa jẹ! Ẹ fún mi ní oògùn náà!”

Ó ní, “Oògùn wo? Ọkọ́, ìgbẹ́ ẹran, pòròpórò, òkúta, ikán. O ti lò ó tán. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ó yẹ kí o mú lọ, ìwọ ò sì ní in.”

“Kí ni? Orí ẹkùn? Omi ojú erin? Màá wá a rí!”

“Ìjókòó,” ni Yèyé wí. “Ẹni tó gbẹ́ kòtò lọ́dún yìí tí kò gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn, kòtò rẹ̀ á dí. Ẹni tó bo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ṣíṣẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ á tún ṣí i. Ilẹ̀ kì í gbọ́ ti àlejò, Ọdẹ́rìndé.”

Ó mọ orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ n kò sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, ẹfọ̀n kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó fún mi ní ìdánwò mìíràn. Mo ní kó tún tẹ́ mi sóòrùn. Ó yí ojú kúrò lára mi, mo sì gbéra.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe padà. Mo sáré. Nígbà tí mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé yìí, ọ̀run ti dúdú. Efúnyẹmí ti gbé ìkòkò ka iná, omi ti ń hó. Ẹrù rẹ̀ wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Igbá ọkà wà lórí itan rẹ̀, ó ti bọ ọwọ́ sínú rẹ̀.

Mo kígbe, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dà á sí i!”

Kò dìde. Ó ní, “O kú àjò. Kí lo mú bọ̀?”

“Kò sí oògùn.”

“Kí ló wá wà?”

“Kòtò ni. Kòtò, ìgbẹ́ màlúù, pòròpórò. Ká má sun nǹkan kan mọ́, ká má gbá oko mọ́. Ká to òkúta dí àgbàrá lọ́nà.”

Ó ní, “Ta ni yóò gbẹ́ kòtò?”

“Èmi ni.”

“Lọ́dún yìí?”

“Lọ́dún yìí.”

“Lẹ́ẹ̀mí-ìn ńkọ́?”

Mo bojú wo ọ̀nà tí mo gbà dé. Efúnyẹmí ní, “Èmi ni mo pọ̀n ọ́, mo mọ bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń ta nínú ọjá. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, inú igbó la ti lọ mú ọ wá. Bí o bá máa dúró, màá gbìn ín. Bí o bá máa lọ, jẹ́ kí n sè é nísinsìnyí, ká jọ jẹ ẹ́, ká fi dágbére fún ìyá wa. N kò ní bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n má purọ́ fún mi lórí ọkà yìí, Ọdẹ́rìndé.”

Ìbọn wà léjìká mi, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ́ kan wà lẹ́bàá ògiri, mo gbé e, mo bọ́ sórí yangí yìí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí omi gbígbóná dà sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi ti pa iná, ó ti gbé agbọ̀n, ó ń lọ kó ìgbẹ́ màlúù ní gáà tí àwọn darandaran ti ṣí kúrò.

Ilẹ̀ tí a rí gbẹ́ kí òjò tó le kò tó nǹkan, igun kékeré ni. Òjò rọ̀, ó sì dá gẹ́lẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọkà gbogbo ará Òkè-Yangí ká wọ́ lójú oòrùn. Tiwa nínú kòtò ṣàárẹ̀, ó tẹ orí ba, ṣùgbọ́n kò kú. Ẹyẹ jẹ nínú rẹ̀. A rí ọkà díẹ̀ kórè. Irúgbìn kún igbá padà, a sì rí ògì mu fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé gbogbo làálàá náà nìyí. Ẹ̀ẹ̀mí-ìn dé, a gbẹ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mí-ìn kejì, ikán dé. Ohun tó kù, ẹ̀yin náà ti rí i lónìí, òun lẹ ṣe wá.

Ẹ ní ìtàn tán? Kò tán. Ẹ̀yin ń wò mí, ẹ ní Ẹsẹ̀ògbélé ti rọlẹ̀. N kò rọlẹ̀ o! Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ báyìí, gbogbo ara mi á máa yún mi. Mo fẹ́ lọ. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo fẹ́ lọ. Kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí n kì í dìde ní ìdájí, kí n gbé àpò kọ́ èjìká, kí n rìn dé ibi òkúta ìkẹyìn yẹn ní ìpẹ̀kun oko, kí n dúró síbẹ̀ kí n máa wo ọ̀nà. Mo máa ń sunkún níbẹ̀ nígbà mìíràn. Lẹ́yìn náà mo máa ń rí kòtò kan tí iyanrìn ti fẹ́ dí, màá sọ àpò sílẹ̀ kí n kó o. Kí n tó kó o tán, ilẹ̀ á ti mọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

“Mo mọ̀,” ni Efúnyẹmí wí.

Kí lẹ mọ̀?

“Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bí o bá ń jáde. N kì í lè dùbúlẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí títí màá fi gbọ́ ọkọ́.”

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí?

“Ní gbogbo rẹ̀,” ló wí, ó sì tún ń há ẹ̀kọ.

…Ó dáa. Ó dáa. Kí lẹ ń wò mí lójú fún? Iyanrìn ló kó sí mi lójú. Ẹ ti jẹun, ẹ ti sinmi, ọ̀rọ̀ mi sì ti tó yín í gbọ́. Ẹ dìde, ẹ gbé ọkọ́. Ilẹ̀ apá ọ̀hún yẹn ṣì wà ní ìhòòhò.